XS1100 ọdún 1979: níbo gan-an ni rọ́bà vacuum timing ń wọ̀?

Ọmọ_Máṣíìnì, London

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọ̀gá. Yamaha XS1100 ọdún 1979 ló wà nílẹ̀, oní kábúrétọ̀ Mikuni mẹ́rin àti táàpù epo méjì. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yọ rọ́bà tó ń lọ sí agolo vacuum (èyí tí ìfàmọ́ra ẹ́ńjìnnì fi ń yí timing, ìyẹn àkókò tí iná ń ta nínú sílíńdà) tó wà níbi ìpẹ̀kun crank, lápá òsì. Ó ki bóòtù kékeré bọ ẹnu agolo náà, ó sì fi ìdérí rọ́bà bo ẹnu kan lára kábúrétọ̀ kejì. Àwọn ẹnu kéékèèké mìíràn tún wà lára rọ́bà ńlá tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan: méjì nínú wọn ló lọ sí táàpù epo, méjì yòókù ní ìdérí.

Èwo nínú wọn ni ti timing? Ṣé mo lè mú èyíkéyìí, níwọ̀n bí gbogbo wọn ti ń fa afẹ́fẹ́? Irú rọ́bà wo ni kí n rà? Àbí kí n kúkú fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Máṣíìnì náà ń ṣiṣẹ́. Ó dúró dáadáa ní 1100 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) tó bá wà ní slow, ìyẹn tí mi ò bá yí ọwọ́ epo rárá, àmọ́ ó ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ó sì ń mu epo.

Ẹ ṣeun o.

---

Bàbá_Timing

Àbúrò, ó dáa tó o béèrè kó o tó so ó. Ẹnu ara kábúrétọ̀ kejì ni ti timing. Tó o bá jókòó sórí máṣíìnì, láti ọwọ́ òsì la ti ń kà wọ́n: 1, 2, 3, 4. Má fi ojú ẹni tó dúró níwájú iná rẹ̀ kà á.

Má mú ẹnu ara rọ́bà ńlá rárá. Kì í ṣe irú ìfàmọ́ra kan náà ló ń ti ibẹ̀ wá. Ẹnu ara rọ́bà ńlá wà láàárín ewé throttle (ewé tó ń ṣí, tó ń pa ọ̀nà afẹ́fẹ́ nínú kábúrétọ̀) àti sílíńdà, nítorí náà ìgbà tí ewé bá pa dé gan-an ló ń fà jù. Ẹnu ara kábúrétọ̀ kejì ní tirẹ̀ wà lẹ́yìn etí ewé náà, lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ní slow, ewé ti pa á mọ́ ẹ́ńjìnnì, kò sí ohun tó ń fà á. Tó o bá ṣí throttle díẹ̀, etí ewé á kọjá ẹnu náà, ẹ́ńjìnnì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa agolo. Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn: kí timing má tẹ̀ síwájú ní slow, kó wá tẹ̀ síwájú nígbà tó o bá ń lọ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, dán an wò. Ṣáná sí i, kó gbóná dáadáa, yọ ìdérí ẹnu kábúrétọ̀ kejì, fi ìka dí i. Ní slow, ìka rẹ ò gbọ́dọ̀ mọ nǹkan kan tó jọ ìfàmọ́ra, tàbí kó jẹ́ díẹ̀ báyìí. Gbé e lọ sí nǹkan bíi 2500 tàbí 3000, á mú ìka rẹ. Tó bá jẹ́ pé ó ń fa ìka rẹ líle ní slow, ó lè jẹ́ pé slow ti ga jù tí ewé fi ṣí sílẹ̀, tàbí pé wọ́n ti pààrọ̀ kábúrétọ̀ náà sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn tó bá ti tún Peugeot 504 tàbí ọkọ̀ ìjàpá Volkswagen ṣe rí á mọ agolo yìí: òun náà ló máa ń wà lára distributor. Nínú rẹ̀, awọ rọ́bà kan ló ta bí awọ ìlù, sípíríìnì kan tì í lẹ́yìn. Ìfàmọ́ra á fa awọ, awọ á fa ọ̀pá, ọ̀pá á yí páànù tí pickup (ohun tó ń sọ ìgbà tí iná máa ta) wà lórí rẹ̀, iná á sì tètè ta.

Ìdí tí iná fi gbọ́dọ̀ tètè ta nìyí. Nígbà tí throttle bá ṣí díẹ̀, afẹ́fẹ́ àti epo tó wọ sílíńdà kéré, wọn ò fún mọ́ra, wọn á sì jó lọ́ra. Tí o bá ta iná ní àkókò kan náà tí o fi ń ta á nígbà tí sílíńdà kún, jíjó náà á ṣì ń lọ nígbà tí písítìnì ti ń sọ̀kalẹ̀. Agbára á bá èéfín jáde, orí sílíńdà á gbóná, epo á máa lọ. Ó bá ohun tó o ròyìn mu gẹ́lẹ́. Tó o bá wá ṣí throttle tán, sílíńdà kún, jíjó yá, ìfàmọ́ra náà lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, agolo á sì dá timing padà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó yọ ọ́ ò fi ní rí ìyàtọ̀ kankan nígbà tó bá ń sáré ní àsápajúdé, tó sì máa wá sọ pé kò wúlò. Àwọn ìwọ̀n onídùúró-yípo (irin kéékèèké tó ń ṣí síta bí crank bá ṣe ń yára yí) tó wà lábẹ́ páànù, èyí tí ìyára ẹ́ńjìnnì ń ṣí, ṣì ń ṣe iṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀. Kò sí èyí tó lè ṣe ti ìkejì.

Tó o bá so ó mọ́ ẹnu rọ́bà ńlá, ohun tó o máa rí nìyí: slow á fò sókè, wàá yí sukúrù slow sílẹ̀ kó lè padà sí 1100, gbogbo ẹ̀ á jọ pé ó ti dáa. Àmọ́ bó o bá ti fẹ́ gbéra níbi iná ojú títì, ìfàmọ́ra á já lójijì, timing á ṣubú padà, máṣíìnì á wúkọ́ kó tó lọ. Ọ̀pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kábúrétọ̀ nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ kábúrétọ̀ ò ṣẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Tí o bá fi rọ́bà táàpù epo sí ẹnu kábúrétọ̀ kejì, táàpù á pa ní slow. Máṣíìnì á máa lo epo tó wà nínú abọ́ kábúrétọ̀, á sì kú sí ọ lọ́wọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ní ti rọ́bà: fi ìwọ̀n wọn ẹnu méjèèjì, kó o ra èyí tí ihò rẹ̀ kéré díẹ̀ sí ẹnu náà. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbé epo fún ẹ̀rọ gígé koríko á fẹ̀gbẹ́ mọ́ra tó bá gbóná, ìfàmọ́ra ò sì ní dé agolo. Ti silicone oníhò 3 mm tàbí 4 mm tí wọ́n ṣe fún vacuum dáa, ó ń fara da ooru, ṣùgbọ́n má fi irú rẹ̀ gbé epo láé, epo máa ń jẹ ẹ́. Gbé e gba ẹ̀yìn kábúrétọ̀, kó sọ̀kalẹ̀ lápá òsì láìfara kan páìpù èéfín, láìsì ká níbi kan. Fi okùn wọn ọ̀nà náà kó o tó gé e, kó o fi sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta sí i.

Àmọ́ má tíì so ó o. Ohun méjì ló ṣáájú.

Èkíní: ẹni tó yọ rọ́bà yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti ti páànù síwájú láti fi dí iṣẹ́ tí vacuum ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó o bá wá dá vacuum padà sórí timing tí wọ́n ti tì síwájú, àpapọ̀ rẹ̀ á pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa nọ́ọ̀kì (epo á máa bú nínú sílíńdà lọ́nà tí kò yẹ) lójú ọ̀nà, nọ́ọ̀kì tí ò ní pariwo tó kó o gbọ́ lábẹ́ àṣíborí. Písítìnì ló ń fi í san gbèsè. Nítorí náà, nígbà tí rọ́bà ṣì wà nílẹ̀, tí ẹnu méjèèjì sì wà ní dídí, fi tọ́ọ̀ṣì timing (èyí tó ń tàn nígbà tí iná pọ́lọ́ọ̀gì bá ta) wo àmì timing. So pín-ín-nì tọ́ọ̀ṣì mọ́ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì sílíńdà 1, kí ẹ́ńjìnnì wà ní 1100, kí àmì wà níbi tí ìwé ọdún tìrẹ ní kó wà. Ti 1978 àti 1979 kò bá ti 1980 àti 1981 dọ́gba, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọ ní nọ́ńbà látinú ìwé tirẹ̀ láìbéèrè ọdún. Bí kò bá sí níbẹ̀, tú sukúrù páànù díẹ̀, yí i, dè é padà, tún un wò. Dídè rẹ̀ pàápàá máa ń yí i.

Tọ́ọ̀ṣì tó ní nọ́ńbà tí wọ́n ń yí lẹ́yìn lè tàn ọ́ jẹ. Ẹ́ńjìnnì yìí ń ta iná sílíńdà 1 àti 4 pọ̀, ọ̀kan níbi tó wúlò, ọ̀kan sínú èéfín. Tọ́ọ̀ṣì á rí iná lẹ́ẹ̀mejì níbi tó ti ń retí ẹ̀ẹ̀kan, ìṣirò rẹ̀ á sì dàrú. Fi nọ́ńbà náà sí òdo, kó o ka àmì ara máṣíìnì nìkan. Kó o sì gbé fáànù ńlá síwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tu ú lára; tó bá dúró sójú kan tó ń ṣiṣẹ́, ooru rẹ̀ kì í pẹ́ kọjá ààlà.

Èkejì, kí ẹni tó mọ wáyà jù mí lọ bá ọ sọ ọ́.

---

Ríwáyà_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Mo mọ ohun tí ẹ ń pè mí sí.

Ọ̀gá Ọmọ_Máṣíìnì, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ló dé tí ẹni náà fi yọ rọ́bà. Lórí XS1100, ìdáhùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ ọ̀kan: wáyà pickup ti já nínú. Pickup méjì ló wà lórí páànù, ọ̀kan fún 1 àti 4, ọ̀kan fún 2 àti 3. Gbogbo ìgbà tí vacuum bá yí páànù lọ yí i bọ̀ ni wáyà wọn ń ká, tó ń nà. Lẹ́yìn ogójì ọdún, bàbà inú rẹ̀ á já nígbà tí rọ́bà ara rẹ̀ ṣì dán bí tuntun. Ẹ ò ní rí i lójú. Tí páànù bá wà lójú kan, ẹnu bàbà tó já ṣì fara kan ara wọn, iná ń lọ. Bí vacuum bá ti yí páànù, wọ́n á pínyà, sílíńdà méjì á kú lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tún jí nígbà tí ẹ bá dá throttle padà. Ẹni tí ò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á yọ rọ́bà vacuum, máṣíìnì á dáa, á ní agolo ló bà jẹ́. Ó kàn dá páànù dúró ni, àrùn náà ṣì wà níbẹ̀.

Báyìí ni kí ẹ ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, kò gba wákàtí kan:

Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ okùn bátìrì tó jẹ́ ti ilẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí òsì. Orí sukúrù rẹ̀ jọ alágbèélébùú lásán, ṣùgbọ́n irú ti Japan ni, JIS. Sukurudíráfà alágbèélébùú tó wọ́pọ̀ á yọ̀ níbẹ̀, á sì jẹ orí rẹ̀. Ẹ wá ti JIS, ẹ fi òòlù kan án lórí díẹ̀ kí ẹ tó yí i. Inú ibẹ̀ yẹ kó gbẹ. Bí òróró bá wà níbẹ̀, sííìlì ìdí crank ń jò, ẹ ó sì ní láti yanjú ìyẹn náà, torí òróró gbígbóná ń mú kí wáyà le.

Ẹ tẹ̀lé wáyà pickup lọ síbi tí wọ́n ti so mọ́ wáyà máṣíìnì, ẹ tú u níbẹ̀, ẹ fi multimeter wọ̀n wọ́n ní ohm. Pickup kọ̀ọ̀kan yẹ kó wà ní àyíká 700 ohm nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ohun tó ṣe kókó jù ni pé kí méjèèjì sún mọ́ra. Ẹ má tíì yọ multimeter. Ẹ fi pọ́ǹpù ọwọ́ vacuum fa agolo díẹ̀díẹ̀ kí páànù máa yí, ẹ dá a padà, ẹ tún un ṣe bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ máa fi ìka tẹ wáyà lọ́tùn-ún lósì ní ibi tó ti jáde lára pickup. Nọ́ńbà ò gbọ́dọ̀ mì. Bó bá fò lọ sí ẹgbẹ̀rún tàbí tó di àìlópin, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà yẹn ti kú.

Ẹ ó ti yẹ agolo wò nígbà kan náà. Ẹ fà á dé nǹkan bíi 10 inHg (ìwọ̀n ìfàmọ́ra lórí gééjì pọ́ǹpù), kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan. Bí abẹ́rẹ́ bá ń sọ̀kalẹ̀, awọ ti lu. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró ṣùgbọ́n tí páànù ò yí, ìpata ló dè é mọ́lẹ̀: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kán girísì kékeré sí ojú tó ń yí lórí rẹ̀, kékeré gan-an. Páànù gbọ́dọ̀ yí láìdúró, kó sì padà fúnra rẹ̀ tán pátápátá. Èyí tí kì í padà tán burú ju èyí tí kì í yí lọ, torí á fi timing sílẹ̀ síwájú ní slow.

Ẹ wo ẹnu agolo náà dáadáa níbi tí wọ́n ki bóòtù bọ̀. Bóòtù á máa là á lẹ́gbẹ̀ẹ́.

---

Ọmọ_Máṣíìnì, London

Ẹ ṣé gan-an ni o. Àbọ̀ rèé. Agolo dáa: ó dúró lórí 10 inHg, abẹ́rẹ́ ò mì, ẹnu rẹ̀ ò sì là. Páànù le díẹ̀, girísì ti tú u. Pickup kan ka 705, kò mì rárá. Ìkejì ka 690, ṣùgbọ́n bí páànù bá ti dé ìdajì ọ̀nà, multimeter ń sọ OL (àìlópin). Ẹnu ibi tí wáyà ti jáde lára pickup gan-an ni.

Ṣé kí n ra pickup àlòkù ni, àbí wáyà yìí ṣeé pààrọ̀?

Àmì timing, láìsí rọ́bà: ó ti kọjá ibi tí ìwé ní kó wà, síwájú, bí bàbá ṣe sọ.

---

Ríwáyà_Ìbàdàn

Ó ṣeé pààrọ̀. Àlòkù tí ẹ bá rà, ogójì ọdún lòun náà ti lò, wáyà rẹ̀ á já lẹ́yìn náà. Kí ẹ pààrọ̀ wáyà pickup méjèèjì, títí kan èyí tó ka 705.

Ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa ìlà tó gba orí páànù àti ara ẹ́ńjìnnì kọjá, kí ẹ lè dá a padà síbi tó wà. Ẹ ya fọ́tò. Ẹ fi bébà alẹ̀mọ́ sàmì sí wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gé ohunkóhun: pickup kọ̀ọ̀kan ní wáyà méjì, bí ẹ bá gbé ọ̀kan dípò ìkejì, iná ṣì máa ta, àmọ́ kì í ṣe ní àkókò tó yẹ, ẹ ó sì máa wá timing kiri lásán. Kílíìpù kékeré tó mú ọ̀pá agolo mọ́ páànù máa ń fò. Ẹ da aṣọ bo ọwọ́ yín kí ẹ tó tì í.

Wáyà tí ẹ máa lò ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má lo wáyà ọkọ̀ lásán, fọ́nrán bàbà inú rẹ̀ mélòó kan tó nípọn ni, á tún já. Ẹ ra wáyà alára silicone tí fọ́nrán inú rẹ̀ pọ̀ tó sì tín-ínrín bí irun, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe okùn multimeter. 20 tàbí 22 AWG (nọ́ńbà ìnípọn wáyà) tó. Ẹ dì í mọ́ ìka, ẹ tú u sílẹ̀: bó bá rọ bí okùn bàtà, ó dáa.

Ẹ gé ti àtijọ́ kí ó ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lára pickup, bí bàbà ibẹ̀ bá ṣì wà. Tí ó bá jẹ́ ẹnu ibẹ̀ gan-an ló ti já, bí tiyín, ẹ fi ọ̀bẹ ṣóńṣó gbẹ́ ohun dídì tó yí i ká díẹ̀díẹ̀ títí bàbà tó mọ́ á fi yọ. Sùúrù ni. Wáyà tín-ínrín ti pickup fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ já, òun ni kò ní àtúnṣe. Ẹ fi òjé jó wáyà tuntun mọ́ ọn, kí ẹ yára, kí ooru má pẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi rọ́bà tó ń sún kì bo ojú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ipókísì tó ń fara da ooru dí ibi tí ẹ gbẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà jẹ́ nìyí: ojú tí a fi òjé jó máa ń le. Bó bá wà ní ibi tí wáyà ti ń ká, ẹ̀gbẹ́ òjé ni wáyà tuntun á ti já láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí ojú òjé dùbúlẹ̀ lórí páànù, kí ẹ so ó mọ́ pickup, kí òun àti páànù jọ máa lọ. Láti ibẹ̀, kí wáyà tuntun lọ láìní ojú ìsopọ̀ kankan títí á fi jáde nínú ẹ́ńjìnnì, kó dé ibi tí ẹ ti máa so ó mọ́ ti máṣíìnì. Láàárín páànù àti rọ́bà ẹnu ihò, ẹ fi wáyà sílẹ̀ kó tẹ̀ kọrọdọ díẹ̀. Ẹ yí páànù lọ dé òpin pẹ̀lú pọ́ǹpù: wáyà ò gbọ́dọ̀ nà tán, kò sì gbọ́dọ̀ kan ohun tó ń yí lórí crank.

Kí ẹ tó dé ìdérí padà, ẹ tún fi multimeter wọ̀n ọ́n bíi ti àkọ́kọ́, kí páànù máa yí. Ìwọ̀n tí páànù ò yí nínú rẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún yín.

---

Sáré_Lọ

Gbogbo wàhálà yìí torí agolo kan? Ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ de páànù mọ́lẹ̀, ẹ ti timing síwájú díẹ̀. Àwọn tó ń fi máṣíìnì sáré ìdíje kì í lo vacuum.

---

Bàbá_Timing

Òótọ́ ni wọn kì í lò ó. Ẹni tó ń sáré ìdíje, throttle rẹ̀ máa ń ṣí tán tàbí kó pa tán, kò sí ìgbà tí vacuum máa rí nǹkan ṣe. Ojú ọ̀nà ni ti ọmọ yìí: wákàtí kan gbáko ní 60 mph pẹ̀lú throttle tó ṣí díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni vacuum ti ń ṣiṣẹ́.

Èyí tí mi ò lè gbà rárá ni títi páànù síwájú láti fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tí vacuum ń fi kún timing máa ń kúrò fúnra rẹ̀ nígbà tí throttle bá ṣí tán. Ohun tí ọwọ́ fi kún un kì í kúrò. Ó máa wà níbẹ̀ nígbà tó o bá ń gun òkè, tí ẹrù wà lẹ́yìn, tí sílíńdà kún, tí nọ́ọ̀kì sì rọrùn jù lọ. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gùn ún láìsí vacuum títí á fi rí agolo tó dáa, kò burú: kó dí ẹnu kábúrétọ̀ dáadáa, kó fi timing síbi tí ìwé wí, kó fara mọ́ epo tó máa lọ.

Ọmọ_Máṣíìnì, dá páànù rẹ padà síbi tí ìwé wí báyìí. Ìlà tí wọ́n ní kó o fà yẹn, ìrántí ni, kì í ṣe ibi tó tọ́, torí ibi tí wọ́n tì í sí ni.

---

Ìyá_Kábúrétọ̀

Ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo fẹ́ fi nǹkan díẹ̀ kún un nípa àwọn rọ́bà yòókù, torí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ni.

Rọ́bà tó ń lọ sí táàpù epo, ẹ yọ wọ́n kí ẹ wo inú wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí epo bá wà nínú wọn, awọ inú táàpù ti lu, sílíńdà yẹn sì ń mu epo tààrà láti ibẹ̀: pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ á dúdú, èéfín rẹ̀ á máa rùn. Kò sí timing tó lè wo ìyẹn sàn. Láti September 2021 tí epo tó wọ́pọ̀ ní Britain ti di E10 (èyí tí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún), ẹ máa yẹ awọ wọ̀nyí wò lóòrèkóòrè. Ti àtijọ́ kì í fara dà á.

Ìdérí rọ́bà tó wà lórí ẹnu sílíńdà 1 àti 4, ẹ pààrọ̀ wọn. Wọ́n máa ń là nísàlẹ̀ níbi tí ojú ò tó. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ wọlé á sọ sílíńdà yẹn di aláìlépo tó, slow á máa lọ sókè sódò, ẹ ó sì rò pé rọ́bà agolo tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ so ló fà á.

Lẹ́yìn tí timing bá ti tọ́ ni kí ẹ tó ṣe ìbámu kábúrétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, má ṣe é ṣáájú. Timing tó bá yí á yí slow, slow tó bá yí á yí ibi tí ewé throttle wà, gbogbo ìbámu á sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá yọ rọ́bà táàpù láti so àwọn gééjì, ẹ yí táàpù sí PRI kí epo lè máa wọlé. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ dá wọn padà sí ON. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé. Ní PRI, epo ń ṣàn láìdúró. Bí abẹ́rẹ́ abọ́ kan bá ń jò, epo á wọ sílíńdà, á sọ̀kalẹ̀ sínú òróró ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi imú gbọ́ òróró kí ẹ tó ṣáná ní ọjọ́ kejì. Bó bá ń rùn bí epo, ẹ dà á nù, ẹ má ṣáná sí i.

---

Ọmọ_Máṣíìnì, London

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, wáyà tuntun ti wọlé. 712 àti 698, kò mì nígbà tí páànù yí. Timing wà níbi tí ìwé wí láìsí rọ́bà, mo sì ti so rọ́bà silicone mọ́ ẹnu kábúrétọ̀ kejì. Slow ò yí, 1100 náà ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ dájú pé vacuum ń ṣiṣẹ́, pé kì í ṣe ìwọ̀n onídùúró-yípo nìkan ni mò ń rí? Ohun kejì: ní nǹkan bíi 3000, tí mo bá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ láìyí gíà, mò ń gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí ẹyọ owó bá ń jò nínú agolo. Kò pọ̀, àmọ́ ó wà.

---

Bàbá_Timing

Fún ti àkọ́kọ́: tọ́ọ̀ṣì timing, 3000, yọ rọ́bà, dí i, wo ibi tí àmì dé. So ó padà, gbé e padà sí 3000 gẹ́lẹ́, torí ìyára ẹ́ńjìnnì á ti yí díẹ̀, wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí àmì bá lọ síwájú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iṣẹ́ vacuum nìyẹn, ìwọ̀n ò lè fi í kún un láìjẹ́ pé ìyára yí. Bí àmì méjèèjì bá bára mu, ìfàmọ́ra ò dé agolo: ihò ẹnu kábúrétọ̀ kejì ló máa dí. Ó kéré, ìdọ̀tí epo gbígbẹ sì máa ń dí i nígbà tó bá pẹ́ lábẹ́ ìdérí. Fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, má fi wáyà líle gún un.

Fún ti ìkejì: nọ́ọ̀kì nìyẹn, má gùn ún bẹ́ẹ̀. Wo ibi tí àmì wà ní slow lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ́ńjìnnì gbígbóná, rọ́bà nílẹ̀. Bó bá wà níbi tó yẹ, wo ìwọ̀n onídùúró-yípo: gbé e lọ sókè, jẹ́ kó padà sí 1100, kí o wo bóyá àmì padà tán. Orí máṣíìnì tó ti pẹ́ nílẹ̀, ọ̀pá wọn máa ń gbẹ, wọ́n á ṣí, wọn ò ní pa tán. Yọ ọ́, fọ̀ ọ́, fi girísì tó ń fara da ooru sí ọ̀pá náà, wo sípíríìnì méjèèjì bóyá ọ̀kan ti nà ju ìkejì lọ. Ìwọ̀n tó ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú vacuum tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, àpapọ̀ wọn lò ń gbọ́.

Bí ìyẹn náà bá mọ́, epo E5 oní-super (èyí tí ethanol rẹ̀ kéré, tó sì ń fara da nọ́ọ̀kì jù) ni kó o rà fún táńkì méjì kó o tó fọwọ́ kan páànù. Ìdọ̀tí dúdú tó ti kó sórí písítìnì ní gbogbo ìgbà tí iná ń pẹ́ ta lè fa nọ́ọ̀kì fún ìgbà díẹ̀, gígùn lójú ọ̀nà márosẹ̀ á sì jó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Bí nọ́ọ̀kì bá ṣì wà lẹ́yìn táńkì kejì, dá páànù padà sẹ́yìn díẹ̀, kó má ju digírì kan tàbí méjì lọ. Kọ ibi tí o fi í sí sínú ìwé, kó o sì lẹ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìjókòó fún ẹni tó máa ni ín lẹ́yìn rẹ.

---

Ọmọ_Máṣíìnì, London

Ìwọ̀n ni o, bàbá. Ọ̀kan nínú wọn ò padà tán, ìpata ti dè é mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́, mo fi girísì sí i, sípíríìnì méjèèjì gùn bákan náà. Àmì ń padà síbi tó yẹ báyìí ní gbogbo ìgbà, ó sì ń lọ síwájú ní 3000 nígbà tí mo bá so rọ́bà. Òkè kan náà, gíà kan náà: ohùn yẹn ò sí mọ́.